Ohun Tí Ilé Ń Sọ fún Àlejò Ìlú Ìbàdàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Ìbàdàn, tí ó gba ilé sí Bódìjà tàbí Agbowó, lè lo ọdún méjì láìmọ̀ ju ọ̀nà ilé, ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ilé-ìwé lọ. Bí ó bá sì béèrè ibi tí ó ti lè kọ́ ìtàn ìlú, gbọ̀ngàn Màpó àti ilé-ìṣọ́ Láyípo ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún un, bí ẹni pé Ìbàdàn tuntun kò ní ìtàn kankan. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn ń bẹ lára àwọn ilé tí ó ń kọjá lójoojúmọ́. Ohun tí ó kù ni kí ó mọ ìbéèrè tí yóò máa bi wọ́n.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni. Owó ta ni a fi kọ́ ọ? Báwo ni ó ṣe ń bá oòrùn àti òjò ilẹ̀ yìí lò? Ọgbọ́n ta ni ó gbé e ró? Ọ̀nà tí ó ti Agbowó lọ sí Dùgbẹ̀ nìkan tó láti dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

Ní òdìkejì títì Agbowó ni ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn wà. Ní 1948 ni a dá a sílẹ̀, Eléyẹlé ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kó wá síbí. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ibẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ooru kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọkàn sí ìwé. Nítorí náà, wọ́n kọ́ ilé gbọọrọ tí inú rẹ̀ kò fẹ̀ púpọ̀, kí atẹ́gùn tí ó bá gba ojú kan wọlé lè gba ojú kejì jáde. Wọ́n sì fi kọ́ńkéré oníhò bo ojú ògiri, bí a ti ń rí i lára ilé ìkàwé tí a fi sọrí Kenneth Dike, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ gíwá níbẹ̀. Àlejò lè pe àwọn ihò náà ní ẹ̀ṣọ́ lásán. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ń dá ìtànṣán oòrùn dúró, wọ́n sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá.

Bí ó bá gba ọ̀nà Sámóńdà, yóò kan ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Dominican. Demas Nwoko ni ó ya àwòrán ilé ìsìn ibẹ̀, tí a kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nwoko kò gboyè nínú iṣẹ́ ayàwòrán-ilé. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́ ní Zaria. Òun kan náà ni ó ya àwòrán gbọ̀ngàn àṣà tí ó wà ní Mókọ́lá. Ó máa ń po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ láti fi mọ ilé, ó ń lo ohun tí ó wà nílẹ̀ dípò èyí tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá. Nígbà tí ó di 2023, ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti Venice ní Ítálì fi ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà dá a lọ́lá fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ayé ti rí ohun tí àwọn ará Sámóńdà ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní Dùgbẹ̀ ni Ilé Kòkó ti dá yàtọ̀. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó dá àdúgbò Bódìjà sílẹ̀, ni ó parí rẹ̀ ní 1965. Àjọ tí ń ra kòkó ń san iye tí kò tó èyí tí wọ́n ń tà á lókè òkun fún àgbẹ̀. Ìyókù di ohun ìní ìjọba. Nínú owó kòkó ni ilé yìí ti jáde, nínú rẹ̀ kan náà ni a ti rí ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Iná jó o ní 1985, a sì tún un ṣí ní 1992. Olùkọ́ tí ó bá ń wo òkè rẹ̀ kí ó rántí àgbẹ̀ tí kò gun àtẹ̀gùn rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn èyí ni kí àlejò lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìjọba àpapọ̀ ní Alálúbọ́sà, tí a ṣí ní 2002, níbi tí a kó ohun àṣà oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà jọ sí. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ wà tí ń ṣọ́ ohun gbogbo. Ta ni ń ṣọ́ àwọn ilé tí a ti kà sílẹ̀ yìí? Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ihò ara ògiri a fi búlọ́ọ̀kù dí i, a gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí fèrèsé. Bí iná bá lọ, yàrá a di ààrò. Kò mọ̀ pé ògiri yẹn ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Báyìí ni ilé ṣe ń kú láìwó.

Ìmọ̀ ni olùṣọ́ wọn. Kí olùkọ́ pín ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ní Ring Road, ì báà jẹ́ ní Challenge. Kí olúkúlùkù bi ilé tirẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ó sì wá àgbàlagbà tí ó ṣojú rẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ ọ, kí ó kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú ìwé wọn dé ni olùkọ́ náà kì yóò jẹ́ àlejò mọ́.