Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló dé tí àyà ń léfòó, tí ẹsẹ̀ ń rì?

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari, Kano, òkun jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń lọ gbafẹ́ ní dáàmù Tiga. Ó yẹ ká mọ bí omi ṣe ń gbé ènìyàn.

Ẹ wo àwọn apẹja Argungu ní Kebbi, níbi tí wọ́n ti ń ṣọdún ẹja láti 1934. Akèrègbè ńlá ni wọ́n ń gbára lé lójú omi. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó rì. Ẹ̀dọ̀fóró wa náà, akèrègbè ni. Àyà ló wà, ìyẹn ni àyà fi ń léfòó. Egungun àti iṣan ẹsẹ̀ wúwo ju omi lọ, wọ́n á máa lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀rù bà tó gbórí sókè, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ rì. Ẹ tẹ ojú bọ omi, ìdí á gòkè. Mo ka èyí sí ju agbára apá lọ, torí korobá omi kan wúwo tó korobá afẹ́fẹ́ bí 800. Bí ẹ bá sì sọ eré yín di ìlọ́po méjì, ìdènà omi á di ìlọ́po mẹ́rin. Ara tó nà gbọọrọ ló ń là á kọjá.

Ẹ má kàn fọwọ́ gbá omi lójú. Ẹ ki ọwọ́ bọ omi níwájú, ẹ ká ìgunpá, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn, kí ẹ wọ́ omi dé itan. Omi tí ẹ tì sẹ́yìn ló ń tì yín síwájú. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ tó ń gbá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni kó gbé ìdí dúró, kó má baà tún rì.