Ẹ má fi òdiwọ̀n àgbà ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun

Àgbà Ìlá-Ọ̀ràngún wo ni kò mọ gẹ̀gẹ̀? Ibi tó ń wú yẹn lè má ṣiṣẹ́ lọ́rùn ọmọ tuntun, kó má sì wú rárá. Ọmọ á kàn máa sùn ṣáá, kò ní fa ọmú dáadáa. Ìyá á ní ọmọ jẹ́jẹ́ lòun bí.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí. TSH ni ìpè tí ọpọlọ ń pe ọrùn sí iṣẹ́, T4 ni iṣẹ́ tó ṣe. Bí TSH bá ga, tí T4 wálẹ̀, ọrùn kò jẹ́ ìpè nìyẹn. Ṣùgbọ́n TSH gbogbo ọmọ ló ń ga lọ́jọ́ ìbí. Ó sàn kí ọmọ lé lọ́jọ́ méjì kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀. Oògùn tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ló ń dáàbò bo ọpọlọ.

Québec ní Kánádà ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí láti 1974. Ní Nàìjíríà, kò tíì kárí.