Ṣé o mọ̀? Wágọ́ọ̀nù àgbà lọ́nà tí kò ní ọ̀dà

Ṣé o mọ̀ pé wágọ́ọ̀nù ti ń wọ igbó kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi jíìpù yangàn lónìí? Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀ ni iléeṣẹ́ Marmon-Herrington l'Amẹ́ríkà ti ń gba wágọ́ọ̀nù Ford onípákó, tí wọ́n ń tún abẹ́ rẹ̀ ṣe kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí táyà iwájú àti tẹ̀yìn pọ̀. Iléeṣẹ́ Willys gbé wágọ́ọ̀nù onírin tirẹ̀ jáde ní 1946. Nígbà tó fi di 1949, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lọ́jà.

Ṣé o mọ̀ pé iléeṣẹ́ iná mànàmáná ló ti Subaru dé ìdí irú wágọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀? Iléeṣẹ́ náà, ní Tohoku, ní àríwá Japan níbi tí yìnyín ti ń bo òkè, ń wá ọkọ̀ tó rọrùn ju jíìpù lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ohun tó bí wágọ́ọ̀nù Leone ti 1972 nìyẹn.

Ká wálé wàyí. Ṣé o mọ ìdí tí wágọ́ọ̀nù Peugeot 504 fi ya alágídí lójú ọ̀nà gbágungbàgun? Sálúùnù rẹ̀ jáde ní Paris ní 1968, wágọ́ọ̀nù tẹ̀lé e ní 1970, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ní Kaduna sì bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní 1975. Láàárín táyà iwájú sí tẹ̀yìn, wágọ́ọ̀nù fi sẹ̀ǹtímítà 16 gùn ju sálúùnù lọ. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe méjì, mẹ́rin ni: méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, gbogbo wọn jókòó lórí ọ̀pá irin kan ṣoṣo tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Dérébà tó kó èrò kún inú rẹ̀, tó tún di àpò gààrí àti ewúrẹ́ mọ́ orí rẹ̀, mọ ohun tó gbójú lé.

Gígùn yẹn náà ló sì ń kó bá a. Ibi tí òkìtì bá ti ga lójijì, ikùn ọkọ̀ á jókòó lé e, táyà á máa yí lófo. Ìdí rẹ̀ tó yọ gbọọrọ sẹ́yìn á máa ha ilẹ̀ bó bá ń jáde nínú kòtò. Ẹni tó mọ ọkọ̀ wà kì í forí lé irú òkìtì bẹ́ẹ̀ tààrà. Á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn ín, lẹ́yìn náà á dà á gbà ní ẹ̀gbẹ́, kí táyà kan gùn ún kí èkejì tó tẹ̀lé e.

Ṣé o mọ̀ pé ní ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1968, ọkọ̀ méje péré ló parí eré, Peugeot 404 ló sì gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejèèjì? Awakọ̀ kan náà ni, Nick Nowicki. Ove Andersson fi 504 gba tirẹ̀ ní 1975. Sálúùnù ni wọ́n o, kì í ṣe wágọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé Henry Dangel, ará Alsace nílẹ̀ Faransé, ló gbé wágọ́ọ̀nù 504 ga, tó sì tún un ṣe kí ẹ́ńjìnnì lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980? Bí o bá rí ojúlówó kan lónìí, má jẹ̀ẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tà á rí i lójú rẹ pé ó wù ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Peugeot àlòkù ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà? Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn ará Yúróòpù á ra 404 tàbí 504 àlòkù, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Algeria, wọ́n á gba Tamanrasset sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà títí dé Agadez, wọ́n á sì tà á ní Niger, Togo tàbí Benin. Èrè orí ọkọ̀ ló ń san owó ìrìn àjò. Àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe kò pọ̀: irin pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí òkúta má baà lu ibi tí ọ́ìlì wà, ṣọ́bìrì, omi, epo, àti irin oníhò méjì lórí ọkọ̀. Irin oníhò yẹn, àwọn sójà Amẹ́ríkà ló ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kí ọkọ̀ òfuurufú lè balẹ̀ sórí ẹrẹ̀ àti yanrìn. Bí táyà bá rì, wọ́n á gbẹ́ yanrìn iwájú rẹ̀ kúrò, wọ́n á ti irin náà sábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ á gùn ún jáde.

Ṣé o mọ̀ pé owó ńlá tí àwọn kan ń ná láti gbé wágọ́ọ̀nù ga lè má fi ìka kan kún ibi tó ṣe pàtàkì jù? Lára ọkọ̀ tó ní ọ̀pá ẹ̀yìn bíi wágọ́ọ̀nù 504, kòkó irin tí gíà ẹ̀yìn wà nínú rẹ̀ wà lára ohun tó sún mọ́ ilẹ̀ jù. Sípíríǹgì gíga á gbé bọ́dì sókè, kòkó náà á wà níbi tó wà. Táyà ńlá nìkan ló lè gbé e, ìdajì sì ni èrè rẹ̀: táyà tó fi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju ti tẹ́lẹ̀, 2.5 péré ni yóò gbé e. Kò sì wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ́ńjìnnì á máa làágùn, bíréèkì á dẹ̀, géèjì eré á sì máa parọ́ fún ọ, torí ọkọ̀ á máa sá ju ohun tó ń kà lọ. Subaru kò ní irú ọ̀pá yẹn, nítorí náà gíà ẹ̀yìn rẹ̀ ń bá bọ́dì gòkè. Àmọ́ jọ́íǹtì tó ń yí táyà á tẹ̀ ju bó ṣe yẹ, rọ́bà tó bò ó á ya, gírísì á dà, yanrìn á wọlé. Tí o bá fi gbọ́ ká-ká-ká nígbà tí o ṣẹ́ kọ́nà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn onífàyàwọ́ ẹnu ààlà náà ń gbé ìdí ọkọ̀ ga, ṣùgbọ́n tiwọn kì í ṣe torí òkúta. Àpò ìrẹsì ń bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ padà.

Tèmi ni pé kí o fi owó tí o fẹ́ fi gbé ọkọ̀ ga ra táyà tó dára, kí o sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ tó rì sínú yanrìn ní géèjì 32 lè jáde fúnra rẹ̀ ní géèjì 18? Tú ìdérí fáàfù, fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ tẹ abẹ́rẹ́ àárín rẹ̀, máa gbọ́ ṣììì. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tó ti kanlẹ̀, á máa wú jáde díẹ̀díẹ̀. Ojú táyà tó tẹ́ sílẹ̀ ń gùn sí i síwájú sẹ́yìn, ìwúwo ọkọ̀ á tàn ká, táyà á wá máa rìn lórí yanrìn dípò kó máa walẹ̀. Má sá eré, má ṣẹ́ kọ́nà lójijì, kí táyà má baà yọ kúrò lára irin rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ralph Bagnold, sójà Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi Ford la aṣálẹ̀ Ijíbítì kọjá ní àwọn ọdún 1920, mọ̀ ọ́n. Ó tún so rédíétọ̀ mọ́ agolo omi kí oru omi tó ń hó má baà ṣòfò, ó sì kọ odidi ìwé kan lórí bí yanrìn ṣe ń rìn, tó jáde ní 1941. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ ogun DUKW ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé, èyí tí dérébà rẹ̀ ń yọ afẹ́fẹ́ táyà, tó sì ń fẹ́ ẹ padà, láìkúrò lórí ìjókòó.

Ṣé o mọ̀ pé ó máa ń rẹ ṣọ́kù? Lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó ṣe gbágungbàgun wínníwínní, táyà ń fò, ṣọ́kù ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ láìsinmi, ọ́ìlì inú rẹ̀ á gbóná, á yọ fóòmù, ọkọ̀ á wá máa jó. Dúró, jẹ́ kó tutù.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kì í bẹ̀rù omi tó ta sí i lára, torí kò ní púlọ́ọ̀gì tí omi lè pa iná rẹ̀? Ohun tó ń bẹ̀rù ni omi tó bá gba ojú ihò atẹ́gùn wọlé. Omi kò ṣeé tẹ̀ kó kéré. Irin tó ń ti písítìnì ni yóò tẹ̀. Gíà ẹ̀yìn náà ní wàhálà tirẹ̀. Bó bá gbóná tó bọ́ sínú odò tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi gba ojú ihò ìmí rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ kejì, tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ti ìka bọ̀ ọ́. Ọ́ìlì tó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, dà á nù. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mẹkáníìkì bá fi so ihò náà mọ́ òkè ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ èyí, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ṣé o mọ̀ pé bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tirélà kékeré ti pa èèyàn? Wọn kò ṣe é fún fífa ọkọ̀ tó rì. Bó bá já, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ara ẹni tó dúró tì í. Ojú ìkọ́ tí wọ́n jó mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ni kí o so okùn mọ́, kí àwọn èrò sì jìnnà sí okùn.

Ṣé o mọ̀ pé táyà géèjì 18 tó gbà ọ́ nínú yanrìn lè bẹ́ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀dà? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń ká tó ń nà ló ń gbóná títí tó fi ya. Fọ́kanáísà tó bá kọ́kọ́ yọ lójú ọ̀nà, yà síbẹ̀. Kó fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì wo sípíà náà.