Ẹ Jẹ́ Kí Á Ṣe Ìṣírò Abọ́ Wa



A máa ń gbọ́ ọ nínú wáàsí pé kí olúkúlùkù ṣe ìṣírò iṣẹ́ ara rẹ̀ kí Ọjọ́ Ìṣírò tó dé. Ara wa náà wà lára ohun tí a ó jíhìn lé lórí, nítorí àmáánà Ọlọ́hun ni. Inú abọ́ ni ó yẹ kí ìṣírò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nídìí iṣẹ́ apòògùn, bí mo bá bi ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru léèrè ohun tó ń jẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé, "N kì í jẹ iyọ̀ púpọ̀." Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Iyọ̀ tí wọ́n fi ṣíbí bù ni wọ́n ń kà. Wọn kò ka ti inú búrẹ́dì, Indomie àti màgí, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú màgí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan.

Ẹnu máa ń gbàgbé. Ìwé kì í gbàgbé. Fún ọjọ́ 7, ẹ kọ gbogbo ohun tó bá kọjá ọ̀fun yín sílẹ̀: àkàrà ojú ọ̀nà, ẹran tí ẹ fi tọ́ ọbẹ̀ wò, ìrẹsì wòlímọ̀, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ ka ara ike ohun mímu náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé gíráàmù 10 ṣúgà wà nínú mìlílítà 100, ike 50cl kan gbé gíráàmù 50. Ó lé ní ṣíbí tíì 12.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ bi ara yín léèrè: Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo jẹun nígbà tí ebi kò pa mí? Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀fọ́ tàbí èso kò kan ẹnu mi? Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí oúnjẹ má gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta ikùn lọ. Omi ni yóò gba ìdá kan, èémí yóò gba èyí tó kù. Ẹ mú àṣà kan ṣoṣo nínú ohun tí ẹ kọ, kí ẹ tún un ṣe lóṣù yẹn. Bí ó bá jẹ́ màgí ni, ẹ dín in kù sí ìdajì, kí ẹ fi irú àti àlùbọ́sà kún ọbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn wọn gíga yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Bí kò bá lè yí ikùn yín ká díẹ̀ lókè ìdodo, ẹ ti sanra jù níbẹ̀. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, nítorí ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí orí fífọ́ rárá. Bí ó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹni tó ti ń lo òògùn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ ti dára sí i. Bí ó bá fẹ́ gba ààwẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ara líle tí a ó fi máa jọ́sìn fún Un. Àmín.