Ẹ Fi Òjò Pín Ọdún Yín: Bí A Ṣe Ń Dá Sáà Ètò Iṣẹ́ Lóko àti Nínú Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́

Lọ́tẹ̀ yìí, a kò sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ètò la fẹ́ sọ. Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ti ń fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kọ ìwé iṣẹ́ àti ìwé owó báyìí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń da ìṣirò wọn rú. Púpọ̀ nínú àwọn áàpù wọ̀nyí ti pín ọdún sí ọ̀nà mẹ́rin kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n: oṣù mẹ́ta mẹ́ta, láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní. Ìpín yẹn bá ọ́fíìsì mu. Kò bá oko mu.

Ẹ jẹ́ ká fi àgbàdo éékà kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó ń gbó ní 90 ọjọ́. Ẹ gbìn ín ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Owó oko ṣíṣán, owó katakata, owó irúgbìn àti ti ajílẹ̀ ti jáde kí oṣù kẹta tó parí. Owó alágbàro yóò jáde ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún. Ọjọ́ 9 oṣù keje ni 90 ọjọ́ pé, ẹ ó sì tún sá a kó gbẹ kí ẹ tó rí owó rẹ̀. Bí akọ̀wé bá wo kọ̀ǹpútà ní ìparí oṣù kẹta, àdánù ló máa rí. Ní ìparí oṣù kẹfà, àdánù náà ni. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, èrè ńlá á kàn yọ lójijì bí ẹni pé ó já bọ́ láti òkè. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oko kan náà ni, wọ́n kàn gé e níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti gé e ni.

Èyí tó burú jù ni ti ẹ̀yáwó. Bí ẹgbẹ́ bá yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ní oṣù kìíní, tí wọ́n sì ní kó san án tán ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà nítorí pé ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà pín in sí, kí ni onítọ̀hún fẹ́ fi san án? Àgbàdo rẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Yóò tà á ní tútù fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, iye tí ẹni náà bá dá lé e ni yóò sì gbà. Tàbí kó lọ ta ẹ̀gẹ́ tí kò tíì ta dáadáa nínú ilẹ̀. Àgbàdo tútù ní ọjà tirẹ̀ o, a ò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ pinnu pé ẹ fẹ́ tà á ní tútù, kó má jẹ́ ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà dá ló máa pinnu fún yín.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọjà ni àwọn bàbá wa fi ń ka ọjọ́, wọ́n sì ń dá èésú ní ìtàdógún, nítorí pé bí ọjà bá ṣe ń ná ni owó ṣe ń wọlé. Iṣẹ́ ADP náà ṣe bẹ́ẹ̀: nígbà tí ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìbẹ̀wò wọ Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ á gba ẹ̀kọ́, á sì dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó tún yípo. Iṣẹ́ ló yan sáà tó bá a mu.

Báwo wá ni a ó ṣe dá tiwa? Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, ìgbà méjì ni òjò ń rọ̀ lọ́dún, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ láàárín ní oṣù kẹjọ. Nítorí náà a lè pín ọdún sí sáà mẹ́rin tí gígùn wọn kò dọ́gba. Sáà ìpalẹ̀mọ́, láti ọjọ́ 1 oṣù kejìlá títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Sáà àkọ́rọ̀ òjò, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 31 oṣù keje. Sáà ìsinmi òjò, gbogbo oṣù kẹjọ. Sáà àrọ̀kúrò, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 104 ọjọ́, 139, 31 àti 91 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 365. Ọjọ́ kankan kò sọnù, méjì kò sì gun ara wọn.

Ẹ má wulẹ̀ dà á kọ bí mo ṣe kọ ọ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè Ògùn mọ̀ pé òjò yín máa ń pẹ́ ju ti Ìjẹ̀bú lọ. Ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ sáà àkọ́rọ̀ síwájú. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, NiMet, máa ń kéde lọ́dọọdún ìgbà tí wọ́n retí pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó fìdí ọjọ́ múlẹ̀.

Ẹ lọ síbi àtúntò nínú áàpù náà. Bí ó bá gba kí ẹ dá sáà tiyín, nǹkan mẹ́ta ló máa béèrè: orúkọ sáà, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ẹ fi ọdún kún orúkọ náà, bí «Àrọ̀kúrò 2026», kí tọdún yìí má bàa dà pọ̀ mọ́ tọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí sáà kan parí, ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni kí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pín sáà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún iṣẹ́ ọwọ́.

Láti ọjọ́ gbígbìn ni kí ẹ ti máa kà á. Bí a bá gbìn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, ajílẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 20, ìkejì sì bọ́ sí àárín ọjọ́ 15 sí 22 oṣù karùn-ún, nígbà tí àgbàdo bá pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Láti ìgbà tí kòkòrò ajewé tí wọ́n ń pè ní fall armyworm ti wọ ilẹ̀ wa ní 2016, kò yẹ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láàárín àsìkò yìí láìwo inú ọ̀mùnú àgbàdo. Ẹ̀wà tí ẹ bá gbìn ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, tó ń gbó ní 65 ọjọ́, ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ni, ìgbà tí òjò ti ń lọ, tí ẹ ó rí oòrùn sá a.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ó lè lo oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gé e sí sáà. Abẹ́ ọdún ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ wá kọ iṣẹ́ tó kàn án, bí i kíro, sábẹ́ sáà tí iṣẹ́ náà bọ́ sí.

Nígbà tí sáà bá parí, ẹ jókòó ti ìwé. Iṣẹ́ tí kò parí, ẹ pinnu lórí rẹ̀: ṣé ẹ ó gbé e lọ sí sáà tó kàn ni, àbí ẹ ó pa á tì? Ajílẹ̀ àgbàdo tí kò ti ilẹ̀ wọ títí àgbàdo fi yọ irùkẹ̀rẹ̀, ẹ pa á tì; owó lásán ló kù níbẹ̀. Bí òjò bá sì pẹ́, ọjọ́ sáà tó ń bọ̀ ni kí ẹ yí. Ẹ má fọwọ́ kan ti sáà tó ti kọjá, nítorí òun lẹ ó fi wé tọdún tó ń bọ̀.

Ní ti ẹ̀yáwó, èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ fi ọjọ́ sísan ìdajì sí ìparí oṣù kẹjọ, nígbà tí àgbàdo bá ti gbẹ, kí ìdajì tó kù wà di ìparí sáà àrọ̀kúrò. Ẹni tó bá lè gbẹ àgbàdo rẹ̀ dáadáa, tó sì fi pamọ́, kò ní fi gbogbo rẹ̀ tà nígbà tí gbogbo ayé ń tà.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, ẹ ra ìwé aláwọ̀ kan, ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ fi ojú ewé mẹ́rin mẹ́rin fún sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú un dání nígbà tí òṣìṣẹ́ wa bá dé oko yín. A ó jọ fi ọjọ́ sí i.