Ta ló ń jẹ dátà yín? Òótọ́ àti irọ́ nípa hotspot

Ọdún 2010 ni Android 2.2 gbé hotspot wọ inú fóònù, iPhone sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2011. Láti ìgbà náà, yálà nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, ní ṣọ́ọ̀bù ni, tàbí nínú ọkọ̀ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ há mọ́, a kì í pẹ́ gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan hotspot yín fún mi." A kì í sì í pẹ́ gbọ́ àwáwí ẹni tí wọ́n bẹ̀. Ó ní dátà òun á tán, bátìrì òun á bàjẹ́, wọ́n á wo inú fóònù òun. Mo fẹ́ yẹ àwọn àwáwí yìí wò, nítorí ohun tí kò lè ṣe wá ní nǹkan kan la ń bẹ̀rù jù, a sì ń fojú fo èyí tó yẹ ká ṣọ́.

"Hotspot ń jẹ dátà ju kí n lò ó lórí fóònù lọ"

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí gbogbo ayé fi gbà á gbọ́. Èèyàn á ra 2GB láàárọ̀, á tan hotspot fún láptọ́ọ̀pù kó lè fi lẹ́tà kan péré ránṣẹ́ síbi iṣẹ́. Kó tó ka lẹ́tà náà tán lẹ́ẹ̀kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé pé dátà rẹ̀ ti tán. Ta ni kó dá lẹ́bi bí kò ṣe hotspot?

Hotspot kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Páìpù lásán ni. Ẹni tó gbé korobá sídìí rẹ̀ ni ká bi léèrè ibi tí omi wọlé sí. Fídíò kan náà, tó bá mọ́ níwọ̀n kan náà, iye tó máa jẹ lórí fóònù ló máa jẹ bó bá gba orí hotspot. Ohun tó yẹ ká wádìí ni ohun tí láptọ́ọ̀pù ń ṣe tí fóònù kì í ṣe.

Láptọ́ọ̀pù gbà pé òun wà lórí Wi-Fi ilé tàbí ti ọ́fíìsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í ka gígábáìtì. Bó bá ti rí Wi-Fi báyìí, gbogbo iṣẹ́ tó ti ń sún síwájú láti ọjọ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Windows á máa wa àpdéètì, OneDrive á máa kó fọ́tò lọ sókè, áàpù tó ń dènà kòkòrò kọ̀ǹpútà á máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Ẹni tó ni í ò mọ nǹkan kan, lẹ́tà ló ń kọ. Àpdéètì ńlá kan ṣoṣo ti Windows lè tó gígábáìtì mélòó kan, kò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó fowó ra dátà. Fídíò náà ń kó tirẹ̀: nítorí pé ojú láptọ́ọ̀pù fẹ̀, YouTube á yan fídíò tó mọ́ ju èyí tó máa gbé sórí fóònù lọ. Netflix fúnra wọn sọ pé fíìmù HD lè jẹ tó 3GB láàárín wákàtí kan.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Lórí Windows, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí "Network & internet", ẹ tẹ Wi-Fi, ẹ ṣí Properties ti hotspot yín, kí ẹ wá tan "Metered connection". Láti ìgbà náà, Windows á mọ̀ pé owó ni òun ń ná. Ọ̀pọ̀ àpdéètì á dúró, OneDrive náà á sinmi. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa ṣe é fún hotspot kan, àyàfi tí ẹ bá pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń lo Mac tàbí iPhone, "Low Data Mode" ni kó wá.

Fóònù ọ̀rẹ́ yín náà ò gbẹ́yìn o. Bí WhatsApp ṣe máa ń wà látilẹ̀ ni pé, tó bá jẹ́ dátà ni èèyàn ń lò, fọ́tò nìkan ló máa wọlé fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ Wi-Fi, fọ́tò, fídíò, ohùn, ìwé, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Hotspot yín sì rèé, Wi-Fi ni lójú fóònù ọ̀rẹ́ yín. Gbogbo fídíò ìkíni kú àárọ̀ tí ẹgbẹ́ ìdílé wọn ti fi ránṣẹ́ láti ìjẹta á dà wọlé lórí owó yín. Lóòótọ́, fóònù Android máa ń ta Android ẹgbẹ́ rẹ̀ lólobó pé dátà olówó ni òun ń pín, àmọ́ kì í ṣe gbogbo áàpù ló ń kọbi ara sí olobó náà. Láti oṣù kìíní ọdún 2025, tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, fídíò ìkíni kú àárọ̀ ti kúrò ní ohun tá a fi ń ṣeré.

"Bí hotspot bá wà ní títàn, ì báà má sí ẹni tó ń lò ó, dátà ń lọ"

Irọ́. Bátìrì ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ Android ní ibi tí èèyàn lè sọ fún un pé kó pa hotspot fúnra rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó so mọ́ ọn. Ẹ tan èyí, ká máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

"Wi-Fi kún fọ́fọ́ lórí láptọ́ọ̀pù mi, kò sì lọ. Hotspot yín ò dáa!"

Èyí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Àmì Wi-Fi tó kún lórí láptọ́ọ̀pù kò sọ nǹkan kan nípa íntánẹ́ẹ̀tì. Bí fóònù ṣe sún mọ́ láptọ́ọ̀pù tó ló ń sọ. Bí ẹ bá gbé fóònù sórí tábìlì kan náà, kò sí bí kò ṣe ní kún. Iṣẹ́ tó le ni èyí tó wà láàárín fóònù àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà níta, àmì tiẹ̀ sì wà lórí fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4G tàbí 3G.

Nítorí náà, kò sídìí tí fóònù fi gbọ́dọ̀ jókòó ti láptọ́ọ̀pù. Ẹ gbé e lọ síbi fèrèsé tí 4G ti ń kún, kí láptọ́ọ̀pù wà níbi tí àga ti rọgbọ̀. Wi-Fi á dé ibẹ̀. Bí ògiri bá wà láàárín wọn, ẹ wọ ètò hotspot kí ẹ yan 2.4 GHz, òun ló ń la ògiri kọjá dáadáa. 5 GHz yá jù ú lọ nínú yàrá kan náà, ṣùgbọ́n ògiri máa ń mú un. Lórí iPhone, láti ìran 12 sókè, ohun tí ẹ máa tàn ni "Maximize Compatibility".

"Ẹni tó bá wà lórí hotspot mi á rí fọ́tò mi, á ka WhatsApp mi, á wọ báńkì mi"

Irọ́ ńlá. Ẹni tó so mọ́ hotspot yín ń gba ara fóònù yín kọjá sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò wọ inú fóònù náà. Fọ́tò yín kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní ti WhatsApp, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ pa látọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ títí dọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Áàpù báńkì náà ń ti tirẹ̀ pa. Àwọn tó ń kó owó èèyàn ní báńkì kì í yọ ara wọn lẹ́nu lórí hotspot rárá. Wọ́n á pè yín, wọ́n á ní àwọn ń pè láti báńkì, wọ́n á sì ní kí ẹ ka OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́ sí yín, fáwọn.

Ẹni tí mo lè ní kó ṣọ́ra díẹ̀ ni ẹni tó gbé láptọ́ọ̀pù wá sórí hotspot tí àwọn ẹlòmíì náà wà. Bó bá ti ṣí fódà kan sílẹ̀ fún pínpín láìfi pásíwọ́ọ̀dù sí i, àwọn yòókù lè rí i. Kó jẹ́ kí Windows ka hotspot náà sí "Public". Ó parí.

Ohun tí mo fẹ́ kó bà yín lẹ́rù rèé, n kì í sì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á: gbogbo ohun tí onítọ̀hún bá ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìnì yín ló ti jáde. Láti oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 nípa ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ní kí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tó gba orí láìnì kọjá, àti ti ẹni tó ni láìnì, fún ọdún méjì. Bí ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bá fi hotspot yín ṣe jìbìtì Yahoo lónìí, ilẹ̀kùn yín ni wọ́n á kọ́kọ́ kàn. Bóyá ẹ óò rí àlàyé ṣe nígbà tó bá yá, àmọ́ ẹ ti kọ́kọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìdí nìyí tí pásíwọ́ọ̀dù fi ṣe pàtàkì. Ẹni tó fi 12345678 sí i, tàbí nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀, ó yá kó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹ bá ti fún àlejò ní hotspot, ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù lẹ́yìn tó bá lọ, torí fóònù rẹ̀ kò ní gbàgbé èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá tún sún mọ́ yín tí hotspot yín sì wà ní títàn, á so mọ́ ọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti àwọn tó ń fi orúkọ hotspot pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, asán ni. Áàpù ọ̀fẹ́ wà tó ń tú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ síta.

"Hotspot ń ba bátìrì jẹ́"

Òótọ́ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni fóònù ń ṣe pọ̀: ó ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, ó sì tún ń bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ á sì gbóná. Ooru yìí gan-an ló ń tètè sọ bátìrì lithium di arúgbó. Apple ní kí a máa lo iPhone níbi tí ooru rẹ̀ kò ju 35°C lọ. Ẹ wá wo ọ̀sán Ẹrẹ́nà ní Ìbàdàn, tí NEPA ti mú iná, tí fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí, tí pọ́wá báǹkì ń tì í lẹ́yìn, tí ẹ̀rọ mẹ́ta sì wà lórí hotspot rẹ̀!

Ẹni tí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni ó fẹ́ fún ní íntánẹ́ẹ̀tì, kó gbàgbé Wi-Fi. Kó fi okùn ṣájà so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, kó tan "USB tethering". Fóònù á máa gba iná lára láptọ́ọ̀pù, íntánẹ́ẹ̀tì á dúró ṣinṣin, ẹnikẹ́ni nítòsí kò sì lè bá yín dá sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń lò ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Bluetooth náà lè pín dátà, kì í sì í mu bátìrì púpọ̀, àmọ́ ó ń rìn bí ìgbín.

"Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń mọ̀ bí mo bá ń lo hotspot, wọ́n sì ń fi gba owó"

Wọ́n lè mọ̀ lóòótọ́. Gbogbo ẹrù dátà tó jáde lára ẹ̀rọ ló ní nọ́ńbà kan lára tó ń fi oókan dín bó bá ti gba ara ẹ̀rọ míì kọjá. Ti fóònù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 64, ti Windows láti 128. Bí iléeṣẹ́ bá rí 63 tàbí 127 níbi tó yẹ kó ti rí 64, ó ti mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn fóònù.

Ọ̀rọ̀ owó yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Lọ́dún 2010, AT&T ní Amẹ́ríkà ń gba 20 dọ́là sí i lóṣù lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ so láptọ́ọ̀pù mọ́ fóònù, láìfi dátà kankan kún èyí tó ti rà. Ní oṣù keje ọdún 2012, Verizon, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì níbẹ̀, san 1.25 mílíọ̀nù dọ́là láti fi parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú FCC, àjọ tó ń ṣàkóso wọn, torí Verizon ní kí ilé ìtajà áàpù kan má jẹ́ kí àwọn oníbàárà wọn rí áàpù tó ń pín dátà. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ètò dátà tí wọ́n ń pè ní aláìlópin lọ́hùn-ún ní òdiwọ̀n tí wọ́n gé fún hotspot. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, eré á dín. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Houston tàbí Maryland mọ ohun tí mò ń sọ. Ní Nàìjíríà, dátà gbogbogbòò tí à ń rà, bó bá wù yín kí ẹ pín in; gígábáìtì lẹ ra, gígábáìtì lẹ ó ná.

"Bí wọ́n bá pè mí, íntánẹ́ẹ̀tì àwọn tó wà lórí hotspot mi á já"

Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ fóònù. Dátà ni wọ́n ṣe 4G fún. Bí ìpè bá wọlé, fóònù tí kò ní VoLTE, ìyẹn ètò tó ń gbé ìpè gba orí 4G, ní láti sọ̀ kalẹ̀ sórí 3G tàbí 2G kó tó lè gbé e. Lórí 3G, íntánẹ́ẹ̀tì á máa rá pálá. Lórí 2G, ó dákẹ́ nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù á ṣì máa fi àmì Wi-Fi tó kún hàn, ẹni tó wà ní ìpàdé Zoom á sì ti dúró gbagidi lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu ní lílà. Lẹ́yìn ìpè, fóònù á tún máa wá 4G kiri kó tó padà sípò.

Bí fóònù yín bá ní VoLTE, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín náà sì ń ṣe é, ẹ wá a nínú ètò síìmù kí ẹ tàn án. Ìpè á máa gba orí 4G lọ, dátà kò ní dúró. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ló ń lo síìmù méjì, ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti ń rò pé àwọn ti bọ́: wọ́n á ní dátà wà lórí síìmù kìíní, ìpè ń wọlé sórí ìkejì. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni síìmù méjèèjì jọ ń lò nínú ọ̀pọ̀ fóònù, nítorí náà bí ìkejì bá ń sọ̀rọ̀, dátà ti ìkínní lè dúró. Bí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá pé, ẹ yọ síìmù tí wọ́n fi ń pè yín, ẹ fi í sínú fóònù míì, ì báà jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì.