Ṣé o mọ̀? Eré káàdì ló bí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tọpa neutron

Kí a tó lè sọ bí neutron, èérún kékeré inú átọ́ọ̀mù, ṣe pọ̀ tó níbì kan nínú ẹ̀rọ átọ́míìkì, nǹkan méje la ní láti mọ̀: mẹ́ta fún ibi tó wà, méjì fún ibi tó dojú kọ, ọ̀kan fún agbára rẹ̀, ọ̀kan fún àkókò. Ìdọ́gba tó so méjèèje pọ̀ le débi pé ìdáhùn tó sún mọ́ òótọ́ la sábà máa ń wá. Àwọn kan kà á sí pé neutron kàn ń tàn ká bí òórùn ọbẹ̀. Ìyẹn yá, àmọ́ ó máa ń ṣìnà létí ẹ̀rọ náà àti nítòsí ohun tó ń gbé neutron mì.

Ọ̀nà mìíràn wá yọjú látinú eré káàdì. Lọ́dún 1946, bí ara Stanislaw Ulam, onímọ̀ ìṣirò, ṣe ń yá bọ̀ látinú àìsàn, ó ń ta káàdì, ó sì ń rò ó pé báwo lòun ṣe lè mọ iye ìgbà tí òun máa jẹ. Kàkà kó máa ṣírò, kí ló dé tí kò ní ta á lọ́pọ̀ ìgbà, kó sì kà á? Ó sọ èrò yìí fún John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀. Ní March 1947, von Neumann kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe lè tọpa neutron lọ́kọ̀ọ̀kan: níbi ìkọlù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tí a kàn mú láìròtẹ́lẹ̀ ni yóò pinnu bóyá yóò yà, yóò kú, tàbí yóò bí òmíràn.

Lọ́dún 1948, kọ̀ǹpútà ENIAC ṣe iṣẹ́ náà. Klara von Neumann, ìyàwó John, wà lára àwọn tó kọ ètò rẹ̀, ó sì yẹ ká máa dárúkọ rẹ̀ ju bí a ti ń ṣe lọ. Monte Carlo ni wọ́n sọ ọgbọ́n yìí, orúkọ ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ní Monaco. Owó rẹ̀ ga o: ẹni tó bá fẹ́ dín àṣìṣe kù sí ìdajì yóò tọpa neutron ní ìlọ́po mẹ́rin.